Bọ̀dá Oníko ní Ọjà Ìtòkú

Ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra láti Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní Èkó kò lò tó wákàtí méjì kí ó tó dé ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Làdérin. Ibùdókọ̀ náà jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú Abẹ́òkúta. Takisí ni mo wọ̀ dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ tí kò jìnnà sí Òkè Olúmọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ìtòkú ní ti gidi, kí ó má ṣe dúró sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Kí ó wọ ẹ̀yìn lọ, níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, tí òórùn sódà ń ta sí ènìyàn nímú. Níbẹ̀ ni mo ti bá ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 24. Down syndrome ni wọ́n bí ọmọ náà mọ́: kírómósóòmù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 21, jẹ́ mẹ́ta nínú ara rẹ̀ dípò méjì. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó gba ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti kọ́, ó kọ́ ọ nìyẹn.

Àdìrẹ oníko ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ kí ó tó fi kọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ lo oṣù mélòó kan lórí kíká aṣọ nìkan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bọ́ sórí fífi òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ, ìgbà tí ìyẹn sì wọ̀ ọ́ lára tán ni ó tó fi ìko lé e lọ́wọ́. Igi kékeré kan ni ọmọ náà fi ń wọn àlàfo láàárín òkúta kan sí èkejì. Kò gbọdọ̀ dé ìdí aró láìsí ẹni tí ó bá a lọ, nítorí sódà a máa bó ènìyàn lára.

“Bí o bá sọ ohun méjì fún un pọ̀, kò ní ṣe ọ̀kankan,” ni ìyá náà wí. “Ọ̀kan ni kí o sọ. Kí o wá dúró.”

“Ẹ mà ní sùúrù o, Mà.”

“Sùúrù kọ́, ọmọ mi. Oníbàárà ló ń dúró de aṣọ.”

Mo fẹ́ràn èsì yẹn. Àwa a máa yin irú ìyá báyìí bí ẹni pé ẹ̀mí sùúrù nìkan ni ó fi ń ṣe é, a kì í sì í wo ọgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, ọdún méjì gbáko ni ó fi jókòó sílé. Òfin wà o. Èyí tí ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀, ó sì ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá náà lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ìwòsàn. Aládùúgbò kan gba ọmọ náà tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi jókòó láìdi ìko kan ṣoṣo, nítorí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ bò ó. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan kí gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ibẹ̀ máa jókòó tì í lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n mọ bí a ti ń bá a ṣiṣẹ́. “Bọ̀dá Oníko” ni wọ́n ń pè é, nítorí ó jù wọ́n lọ. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, wọ́n á san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ ọ́ sínú kóló.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Ìbàdàn fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ nígbà tí agbára ìyá bá dínkù. Ìyá kọ̀. Ó ní yàrá ni yóò ní ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní Ìtòkú, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà ń béèrè pé ta ni yóò máa wà pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìyá pàápàá kò sì rí èsì fọ̀ sí ìbéèrè náà.

Ohun tí ó ń kọ́ ọ báyìí ni ọ̀nà ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà a máa dá lọ. Ìyá rẹ̀ a sì máa tẹ̀lé e lókèèrè, yóò fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn aláàárù, kí ó má bàa bojú wẹ̀yìn kí ó rí i.