Àwọn Àgbà Ìdí Ọdán

Ní ọjọ́ kìíní tí bàbá náà kò ní ibi iṣẹ́ mọ́, àkùkọ kọ, ó sì jí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó fi bíró méjì há àpò ẹ̀wù, ó sì dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó rántí pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ń retí òun. Ọdún 2014 ni èyí. Ọdún 60 ni òfin fi gba olùkọ́ láyè nígbà náà. Òfin ọdún 2022 tí ó sún un dé ọdún 65 kò bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣirò ni ó fi ọdún 35 kọ́ àwọn ọmọ, gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Ìtókò ní Abẹ́òkúta sì ń pè é ní Tíṣà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, odindi ìlú ni wọ́n tẹ̀ dó fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960 ni ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Del Webb ṣí ìlú Sun City ní ìpínlẹ̀ Arizona fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ onígọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, kí ọjọ́ má bàa gùn jù fún àgbà. Àwọn Ẹ̀gbá kò tẹ irú ìlú bẹ́ẹ̀ dó, nítorí agboolé ni ìlú àgbà lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, agboolé kò kún bíi ti àtijọ́ mọ́. Nínú àwọn ọmọ Tíṣà mẹ́ta, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, àbígbẹ̀yìn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìyá wọn ti lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Owó wọn ń wọlé déédéé. Ẹsẹ̀ wọn ni kì í wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó tẹ̀lé ariwo ẹ̀rín kan dé ìdí igi ọdán tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Ó bá àwọn àgbà bíi mẹ́jọ tí wọ́n yí ọpọ́n ayò ká lẹ́yìn ìrun alásárì. Ẹni tí kò mọ ayò a máa rò pé eré ọmọdé ni. Ihò 12 ni ọpọ́n ní, mẹ́fà-mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kó sínú wọn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí ọmọ tí a fi parí títa bá bọ́ sí ihò ẹnìkejì, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, a ó kó o jẹ. Kò sí ìwé, kò sí bíró. Orí ni a fi ń ṣe gbogbo ìṣirò náà, àwọn òǹwòran sì ń fi ẹni tí ó ń ta ṣe yẹ̀yẹ́ lójú méjèèjì. Ọ̀ta ni à ń pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pè ni. Bàbá Télọ̀, aránṣọ kan tí kò wọ ilé ìwé rí, tí ó sì fi ọdún mẹ́fà ju Tíṣà lọ, jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léraléra, ó sì sọ olùkọ́ ìṣirò di Ọ̀pè níṣojú gbogbo èèyàn. Inú bí Tíṣà púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì, òun ni ó kọ́kọ́ dé ìdí ọdán.

Irú ìjókòó yìí kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn aṣojú Ọ̀yọ́ ń jẹ gàba lórí àwọn Ẹ̀gbá nínú igbó wọn, Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú àáró. Lónìí wọn a lọ sí oko ẹni kan, lọ́la wọn a lọ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Inú ẹgbẹ́ oko yìí ni wọ́n ti gbìmọ̀ tí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀. Nínú àáró, ẹni tí kò wá kì í fara sin, nítorí ebè tí ó yẹ kí ó kọ yóò wà nílẹ̀ láìkọ.

Àwọn obìnrin kò gbẹ́yìn. Bóyá àwọn gan-an ni wọ́n ṣíwájú. Ní ọdún 1932, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé ní Abẹ́òkúta jọ sínú ẹgbẹ́ kan, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti àpèjẹ sì ni ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1944, àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti kọ́ ìwé kíkà, wọ́n sì mú ẹ̀dùn ọkàn wọn wá pẹ̀lú. Ní ọdún 1946 ni ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ó bá ìjọba jà nítorí owó orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949, kí ó tó padà ní ọdún 1950. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀! Lónìí, àwọn ìyá àgbà a máa pé jọ sí Àsáláátù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn onígbàgbọ́ a sì máa pàdé nínú ẹgbẹ́ ìjọ wọn.

Àbùkù kan wà ṣá, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti di ẹgbẹ́ aṣọ. Tíṣà wà nínú ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan wọ́n mú aṣọ tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì náà kò sì tètè dé ní àkókò yẹn. Kò lè san án, kò sì lè sọ ọ́ jáde. Ó dẹ́kun àtimáa lọ sí ìpàdé. Ìwé kan ṣoṣo ni ó ti ibẹ̀ wá, ìyẹn ni ìwé gbèsè. Ìtìjú náà mú un tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lọ sí ìdí ọdán mọ́, bí ẹni pé àwọn aláyò náà yóò bi í léèrè aṣọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Télọ̀ gbé ọpọ́n sí abíyá, ó sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ọ̀pè, ṣé o sá ni?”

Ohùn tí ó dá a lóhùn kò le. “Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú, mi ò lè dìde.”

Láti ìjẹta ni ibà ti dá a dúbúlẹ̀ sínú yàrá, omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti tán. Bàbá Télọ̀ gbé ọpọ́n sílẹ̀, ó pe àwọn yòókù, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan ń sùn tì í, àwọn kan ń gbé ẹ̀kọ wá. Bí ó ti kan èyí ni yóò kan èyí. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fi ti Èkó dé, ara bàbá rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó rọra rìn dé ìdí ọdán, ó ti rù díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè aṣọ. Wọ́n fún un ní àga onírọ̀gbọ̀kú kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Bàbá Télọ̀ sì kó ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sí ojú ihò, ó ní kí ó kọ́kọ́ ta.