Náírà Wọlé, Dọ́là Jáde

Ní Ìlíṣàn, ìlú Olófin, níbi tí obì ti ń pawó fún àwọn baba wa tipẹ́tipẹ́ kí àwọn Adventist tó dá ilé-ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní 1959, èyí tó di Yunifásítì Babcock ní 1999, USDT, owó orí ayélujára tí ẹyọ kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan, ni àwọn ọ̀dọ́ ń ṣírò báyìí bí àwọn ìyá wọn ti ń ṣírò náírà. N kò bá wọn wí. Náírà tó jẹ́ bíi 460 sí dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ Okúdù 2023 ti kọjá 1,500 kí Èrèlé 2024 tó parí.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Babcock ló fi bí wọ́n ti ń ra USDT hàn mí. Nọ́ńbà àkáǹtì kan yọ lójú fóònù rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, èmi nìkan ni wọ́n yọ èyí fún.” Ó fi náírà ránṣẹ́ sí i láti báǹkì, kí a sì tó ṣẹ́jú pẹ́, USDT ti wọlé fún un.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ta USDT, tí Adébáyọ̀ méjì sì lè fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n a yọ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá ti bọ́ síbẹ̀, báǹkì a ta kọ̀ǹpútà wọn lólobó, òun náà a wá fi orúkọ ẹni tó sanwó wé orúkọ tó wà lórí BVN, a sì kọ àmì ìsanwó náà sílẹ̀ kí ìròyìn kan náà má baà dé lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má sì san dọ́là lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá lo àkáǹtì ọ̀rẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ á dúró gbọnrangandan sí agbedeméjì. Káàdì alájọ kọ́ ni a ń wò yìí bí, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí owó má ṣi ọwọ́ olówó lọ?

Kò rọrùn báyìí nígbà kan. Ní ọjọ́ 5 Èrèlé 2021 ni Báǹkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn oníṣòwò owó orí ayélujára, àwọn ọ̀dọ́ sì yà sí P2P, níbi tí àjèjì ti ń sanwó fún àjèjì, tí alert ayédèrú sì sọ ọ̀pọ̀ di olófo. Òpin 2023 ni wọ́n tó tú okùn náà. Ní 2025, cNGN, náírà orí ayélujára tí náírà kan nínú báǹkì dúró lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, jáde.

Ṣùgbọ́n báǹkì náà ni ìdààmú ọkàn mi. Gbogbo ayé ló lè rí ẹyọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ gbangba wọn. Owó tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ta ló rí i? Ní Ẹrẹ́nà 2023, Silicon Valley Bank wó ní Amẹ́ríkà, bílíọ̀nù 3.3 dọ́là ilé-iṣẹ́ Circle, tó ń ṣe USDC, sì há síbẹ̀. USDC yìí, tí wọ́n ní kì í yẹ̀ kúrò ní dọ́là kan, wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ sẹ́ǹtì 90 kí ìjọba tó ní òun yóò san owó àwọn tó fi owó sí báǹkì náà. Mo bi ọmọ náà pé ta ni ń ka owó tó wà lẹ́yìn USDT. Ó ní àwọn aṣírò owó ń fọwọ́ sí i ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ tọ́jú sí USDT títí di ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ó fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí náírà bá tún já, ọwọ́ mi ni òun yóò ti gba ìdajì yòókù.