Orúkọ Àwọn Aláriwo

Ẹni tó bá ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá mọ ìwé pélébé tí kì í kúrò lọ́wọ́ mọ́nítọ̀. Tíṣà á jáde lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, mọ́nítọ̀ á dìde, á máa kọ orúkọ àwọn aláriwo. Bí tíṣà bá dé, ìwé yẹn ni pàṣán ń tẹ̀ lé. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọmọ léèrè ohun tó sọ tàbí ẹni tó bá sọ ọ́. Ní kíláàsì tiwa, bàbá-dúdú àti gúgúrú la fi ń bẹ mọ́nítọ̀ kó lè pa orúkọ rẹ́. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò san án.

Ìṣirò àti àkàyé wà lójú pátákó lójoojúmọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wọ̀ wá lára jù lọ kò sí níbẹ̀: bí a ṣe ń wá ojúrere ẹni tó wà nípò, bí a ṣe ń fi orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ wá sílẹ̀, bí a ṣe ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń na aláìṣẹ̀. Mo ń rí àwọn àgbàlagbà tó ń lò ó níbi iṣẹ́ títí di òní. Wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé ni.

Wọ́n á ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ rode. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ wà?

Èyí tó tún burú ni òfin àwọn ilé-ìwé kan pé ẹni tó bá sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ fẹjọ́ sùn. Kó tó ṣa Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́ jọ, inú ti ru ú, ó sì ti fi ẹ̀ṣẹ́ bá ẹnì kejì. Wọ́n á ní oníjà ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò níjà nínú, ọ̀rọ̀ ni wọn ò jẹ́ kó ráyè sọ.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí tíṣà tó gbọ́ ọ dáadáa ń kọ́ wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí ni pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ló tóbi jù. Èyí tó wù mí ni kíláàsì tí ọmọ ti lè béèrè "Kí ló fà á?" lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé.

Ní ilé-ìwé tiwa, àǹtí kan kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún. Bí ẹni méjì bá jà, kì í na ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀. Á ní kí olúkúlùkù ro ẹjọ́ ẹnì kejì, kí ó rò ó dáadáa títí ẹni tó ni ẹjọ́ yóò fi sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe ṣe mí nìyẹn." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n àǹtí yìí kò kàn gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó mú kí àwọn fúnra wọn gbọ́ ara wọn. Ó máa ń nira púpọ̀. Ọmọ á ro tirẹ̀ já geere, tó bá kan ti ẹnì kejì, á máa fi àtàǹpàkò họ tábìlì. Nígbà tó fi di sáà kẹta, ìjà rúlà àti ti ìjókòó ti ń parí lábẹ́ igi máńgòrò kí aago tó lù. Ariwo wa ò dínkù o. Ó tún pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin òbí tó ń wá ilé-ìwé, ẹ má wo bọ́ọ̀sì àti kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ pe ọmọ kan tó ń kàwé níbẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tí tíṣà máa ń ṣe bí ẹni méjì bá jà. Bó bá ní àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń nà láìbi wọ́n ní nǹkan kan, ẹ wá ilé-ìwé mìíràn.