Ilé Ọba Tó Jó, Ẹwà Ló Bù Sí I. Ilé Mẹ̀kúnnù Tó Jó Ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Bí ààfin bá jóná, ìlú á dáwó, ìjọba á ṣèrànwọ́, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà á sì péjọ. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí ààfin mìíràn tó gbayì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ yóò fi dìde lórí eérú. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohunkóhun nípa ilé mẹ̀kúnnù. Ilé tí ẹnì kan fi owó kòkó, owó iṣu tàbí owó ọjà kọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún, bí iná bá jó o, ta ni yóò bu ẹwà sí i? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún àwọn ará Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìlú méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jó, dúkìá bàjẹ́. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Nígbà tó di oṣù kẹta, ìjà náà tún rú yọ, ó sì kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ìlú yìí sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Olóbùú ni ọba Ìlobùú, Olúfọ́n ni ọba Ìfọ́n. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Òrólú. Irẹ́pọ̀dùn: orúkọ tó yẹ kó ti jẹ́ ìmọ̀ràn tó tó.

Lẹ́yìn irú ìjà bẹ́ẹ̀, oríṣi àwòrán méjì ló máa ń lọ láti fóònù dé fóònù. Èkíní ni ti ilé tó ti jó: ògiri dúdú, páànù tó ká kò bí ewé gbígbẹ, bẹ́ẹ̀dì onírin tó dá dúró láàrin eérú. Kò sẹ́ni tí yóò wo irú àwòrán yìí tí àánú kò ní ṣe. Èkejì kì í sábà dé ojú ìwé ìròyìn: àwòrán ilé náà kí iná tó dé. Onílé fúnra rẹ̀ ló ń wá a, kì í sì í tètè rí i, nítorí kò sẹ́ni tó dìídì ya ilé. Ìyàwó ni wọ́n yà, ilé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tuntun ni wọ́n yà lọ́wọ́ ìyá àgbà, igun fèrèsé kan yọjú. Ọ̀kadà tuntun ni wọ́n yà, ògiri ni wọ́n gbé e tì. Fún ọgbọ̀n ọdún ni ilé fi ń dúró lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn nínú fọ́tò. Ọjọ́ tí kò sí mọ́ ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èèyàn sílẹ̀, tó lọ bá ògiri.

Ẹni tó bá wá fara balẹ̀ wo ògiri náà yóò rí ohun púpọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ káàkiri Ọ̀ṣun: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, páànù lórí. Ìsàlẹ̀ ògiri pupa, nítorí pé ọdọọdún ni òjò ń ta erùpẹ̀ sí i lára. Lókè ibi pupa yìí, ọ̀dà tí wọ́n kùn nígbà ọdún kan tó ti pẹ́ ti ṣá. Páànù tó ń kọ mànà bí fàdákà lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án ti di àwọ̀ obì, nítorí síǹkì tó bo irin náà ti jẹ tán, irin sì ti dípẹtà. Ìlẹ̀kùn ń dán níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú. Pèpéle sìmẹ́ǹtì tó wà níwájú, níbi tí àwọn àgbà ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, ti jinlẹ̀ láàrin ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Lára àwọn ilé mìíràn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ orúkọ onílé àti ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ sí òkè, lábẹ́ òrùlé. Òjò, òrùn, ọyẹ́, ọwọ́ àti ìdí èèyàn ló fi sùúrù ṣe gbogbo ọnà yìí, láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.

Ilé alámọ̀ kò tilẹ̀ ṣeé kánjú kọ́. Wọn á gbẹ́ ilẹ̀, wọn á pò ó mọ́ omi, wọn á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Wọn á mọ ìpele kan, wọn á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi ń bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àna, ọ̀rẹ́ àti ẹbí sì fi ń wá ṣe é ní ọ̀wẹ̀. Bí sìmẹ́ǹtì bá ré kúrò lójú ògiri, ìlà tó pín ìpele kan sí èkejì yóò hàn nínú àwòrán. Ọjọ́ kan tí àwọn èèyàn péjọ ni ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní pe irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní ògiri lásán mọ́.

Ìlobùú kì í ṣe ìlú tí àwọn awáẹwà kò dé rí. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1950, kó lọ gbé ní Ẹdẹ, lẹ́yìn náà ní Ìlobùú, kó tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ní 1957 ni Nigeria Magazine tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí àwọn ère igi mímọ́ inú ìlú kékeré Yorùbá kan. Ìlobùú ni ìlú náà. Ó tún kọ̀wé nípa àwọn kìnnìún tí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì mọ sára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Síbẹ̀, ohun tó yàtọ̀ ló fa ojú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń fa ojú gbogbo ayé: ère, ojúbọ, kìnnìún. Bẹ́ẹ̀ náà ni lónìí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ń pe àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Ilé onípáànù tí àlejò ń kọjá lójú ọ̀nà kò sí nínú ìwé kankan.

Àwọn kan níbòmíràn ti dúró wo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní 1936, Walker Evans, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sí Hale County ní ìpínlẹ̀ Alabama, ó ya ilé onípákó àwọn àgbẹ̀ tálákà tó ń fi ilẹ̀ onílẹ̀ dáko. Nínú ọ̀kan, igun ilé ìdáná ni ó yà, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri. Ilé ọnà ńláńlá ni àwòrán wọ̀nyẹn wà lónìí. Ní Jámánì, Bernd Becher àti ìyàwó rẹ̀, Hilla, ya àwọn ilé olópòó igi ní agbègbè Siegen, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú, wọ́n sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí èèyàn bá rí ọ̀kan, á ní ilé lásán ni. Bó bá rí ogún papọ̀, á rí i pé kò sí méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tí kò gbé inú ilé tó ń jò ló ń pè é ní arẹwà. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Páànù tó lu kì í ṣe ẹwà fún ẹni tó ń fi bàsíà gbe omi òjò lóru. Bí onílé bá rówó, yóò pààrọ̀ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹwà tí à ń wí yìí kò ti inú ìṣẹ́ wá. Yorùbá ní ìwà lẹwà, ìwà ilé sì ni pé ó gba èèyàn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti gbé òkú jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sàréè bàbá wà. Àwòrán kò lè ya ìwà, ṣùgbọ́n ó lè ya ibi tí ìwà ti fọwọ́ kàn.

Ó tún lè ṣe ohun kan tí ọ̀rọ̀ àlàáfíà kì í tètè ṣe. Ká ní ẹnì kan kó àwòrán ogún ilé láti Ìlobùú àti ogún láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tó dà wọ́n pọ̀, tó sì yọ orúkọ kúrò, ta ni yóò lè yà wọ́n sọ́tọ̀? Amọ̀ kan náà, páànù kan náà, pèpéle kan náà, ìpàtẹ àádùn àti bisikíìtì kan náà níwájú ilé. Èyí kò sọ pé ẹjọ́ ilẹ̀ kò ní ẹni tó jàre; ìjọba àti ilé ẹjọ́ ni yóò dá ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo bẹntiróòlù àti ìṣáná lọ́wọ́ lóru kò jó ààlà. Ilé tó jọ ti ìyá rẹ̀ ló jó.

Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ kí ilé ní fọ́tò tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ tàbí owó gbà-máà-bínú bá dé, ẹni tí kò ní àwòrán ẹnu lásán ló ní. Kí onílé ya iwájú, ẹ̀yìn àti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Kó bi àwọn àgbà léèrè ta ló kọ́ ọ àti ọdún wo, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà ní Èkó tàbí òkè òkun, nítorí pé fóònù lè bá ilé jó. Kí ìjọba pẹ̀lú rántí pé kì í ṣe ààfin nìkan ló yẹ ní bíbu ẹwà sí.

Bí ojúmọ́ bá mọ́ lọ́la, kí ẹni tó ní fóònù jáde síta, kó yíjú padà sí ilé tó ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò láti kékeré. Kó má ṣe pe ẹnikẹ́ni wá dúró níwájú rẹ̀. Kó ya ilé náà nìkan.