Dáìsì Lúdò àti Àṣírí Ìyá Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí ṣeré, n kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí ó fi ṣẹ mọ́ ìyá mi lára, ọwọ́ èmi ọmọ rẹ̀ ni ó sì ti wá.

Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ọ̀sà wà níwájú ìlú, tí òkun sì ń hó ní òdì kejì. Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà ní ọjà Àgbálátà. Ìwé mẹ́fà ni ó kà, ṣùgbọ́n Yorùbá àti Ègùn ni ó fi ń ná ọjà, orí rẹ̀ ni ó sì fi ń ṣe ìwé gbèsè: bí ogójì ènìyàn bá jẹ ẹ́ lówó, yóò kà wọ́n tán láìgbàgbé ẹnì kan. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo bá a ṣí àpò owó lórí fóònù. Wọ́n ní kí a fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ sí i, èyí tí à ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù. Mo ní, "Màmá, kí ni kí n kọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Orúkọ wo ni mo tún mọ̀ tó ju tìrẹ lọ, Àkànní?" Ni mo bá kọ oríkì mi, mo sì fi ọdún tí wọ́n bí mi tì í.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni ó wà ní ọjà náà tí kò mọ Àkànní? Ní ọjọ́ kan tí iná kò sí, ó gbé fóònù rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn fi iná sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ẹja oṣù mẹ́ta ti fò lọ. Olè náà kò fọ́ ilẹ̀kùn; ìfẹ́ tí ìyá mi ní sí mi ni ó fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Àjọ ni ìyá mi bẹ̀bẹ̀ kó ṣáájú àkókò, kí n tó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ìtìjú bò mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo rí i pé àwọn ọ̀mọ̀ràn pàápàá ti ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2003, Bill Burr, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà, kọ ìlànà pé kí a máa da lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì pọ̀, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ní 2017 ó jẹ́wọ́ pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí nọ́ńbà ìparí nìkan ni àwọn ènìyàn ń yí padà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo ohun èlò tí ń bá ènìyàn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù. Ohun rere ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n àpótí náà gan-an ní kọ́kọ́rọ́ kan tí a gbọ́dọ̀ há sórí. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá tún jẹ́ Àkànní ńkọ́?

Ọ̀nà tí mo wá gbà ni èyí tí Arnold Reinhold gbé jáde ní 1995, tí ó pè ní Diceware: kí a ju dáìsì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí a sì mú ọ̀rọ̀ kan nínú 7,776. Nígbà ìsinmi, èmi àti ìyá mi jókòó, a kọ 216 ọ̀rọ̀ tiwa sílẹ̀: àwọ̀n, akàn, àgbọn, ìgbì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, láìfi àmì sí i, kí fóònù kífóònù lè tẹ̀ ẹ́. A mú dáìsì lúdò àwọn ọmọ ilé. Bí ó bá fún wa ní 4, 1 àti 6, a ó wo ọ̀rọ̀ tí ó wà ní 416. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni a mú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé ìkẹrin, ìyá mi fajú ro. Ó ní, "Àkànní, èyí kò wù mí, jẹ́ kí á tún un jù."

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Èyí tí ó bá wù yín ni ẹni tí ó mọ̀ yín yóò kọ́kọ́ gbìyànjú."

Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ àrokò ti mọ àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olè tilẹ̀ ní ìwé 216 ọ̀rọ̀ wa lọ́wọ́, ọ̀nà 101,559,956,668,416 ni ó ṣì wà níwájú rẹ̀. Dáìsì kò mọ ìyá mi, kò sì mọ ọmọ rẹ̀.

Ní ti ìrántí, ẹ̀rù ti ń bà mí, àṣé mo gbàgbé ẹni tí ń fi orí ṣe ìwé gbèsè. Ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa ìtàn ẹlẹ́rìn-ín kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kà á bí ẹni ń ki oríkì.

Mo padà sí yunifásítì. Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí, ó ní òun ti tún dáìsì jù fúnra òun, òun sì ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, èmi náà ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwọ ni o mọ̀ mí jù."