Òru Ni Kí Ẹ Kà, Ẹ Má Ka Ìlú

Bí ènìyàn bá tẹ́ máàpù Bràsíìlì sórí tábìlì tó ń wá ibi tí yóò dé, báírò ló kọ́kọ́ máa ń mú, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya òbìrí yí orúkọ ìlú ká: Rio de Janeiro, Salvador, Recife, Brasília, Ouro Preto, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Iguaçu, São Luís, Belém, Manaus. Kí ó tó gbójú sókè, ìlú ti di mẹ́sàn-án, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni pé ó ti dé gbogbo wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Mo ń to ìrìnàjò ọjọ́ 35 la orílẹ̀-èdè náà já, láìsí ilé-iṣẹ́ kankan tí yóò kó mi káàkiri, ohun tí mo sì fẹ́ fi ye ẹni tó bá ní irú èrò yìí lọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ: òru ló yẹ kí á máa kà, kì í ṣe ìlú. Iye ìgbà tí a ó sùn sí ibì kan ló ń sọ ohun tí a ó rí níbẹ̀, ìlú tí a sì pa rẹ́ kúrò lórí ìwé ló ń fún èyí tó kù láyè láti jẹ́ ìlú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó, nítorí ojú máàpù máa ń tan ènìyàn jẹ. Ilẹ̀ Bràsíìlì lé ní 8,500,000 kìlómítà níbùú lóòró. Ti Nàìjíríà jẹ́ 923,768. Ìlọ́po mẹ́sàn-án wa ni, ó tún lé. Rio sí Salvador, tó dà bí ìka méjì péré lórí ìwé, lé ní 1,600 kìlómítà lójú títì. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ rí láti Èkó dé Maiduguri mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ẹ̀yìn àti orúnkún. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì á rìn ín ju ọ̀sán kan òru kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́kàn lé ọkọ̀ ojú irin bíi ti Íńdíà. Ọkọ̀ ojú irin ọlọ́nà jíjìn tó ṣì ń kó èrò lójoojúmọ́ tàbí lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́sẹ̀ kò ju méjì lọ, èyí tó ń lọ láàárín Vitória àti Belo Horizonte, àti èyí tó ń ti São Luís lọ sí Parauapebas. Ojú irin tí wọ́n fi ń kó irin tútù láti ibi ìwakùsà lọ sí etíkun ni méjèèjì, wọn kò sì bá ọ̀nà tí àlejò fẹ́ tọ̀ mu. Bọ́ọ̀sì àti bàálù ló kù. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ìlú mẹ́sàn-án, ìṣípòpadà mẹ́jọ. Ìṣípòpadà kọ̀ọ̀kan á jẹ ọjọ́ kan tán, torí ẹni tó jí di ẹrù, tó lọ sí gáréèjì, tó wọkọ̀, tó wá ilé tí yóò sùn sí, tó sì ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò rí ìlú kankan lọ́jọ́ náà. Fi ọjọ́ tó gúnlẹ̀ àti ọjọ́ tó ń padà sílé kún un, ọjọ́ mẹ́wàá ti lọ nínú 35, lórí ẹrù àti ìlà èrò.

Àwọn kan á ní bàálù ti yanjú ìyẹn, pé wákàtí méjì péré ni Rio sí Salvador lójú ọ̀run. Òótọ́ ni, èmi náà sì fi bàálù sínú ètò tèmi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì yẹn, ti ojú ọ̀run nìkan ni. Pápákọ̀ òfurufú Salvador lé ní 20 kìlómítà sí àárín ìlú àtijọ́. Bí ènìyàn bá sì mú ìlú méjì tí kò sí lójú ọ̀nà kan náà, ó ṣeé ṣe kí bàálù kọ́kọ́ gbé e padà sí São Paulo tàbí Brasília kó tó gbé e lọ síbi tó ń lọ. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ bàálù ni irọ́ tó ń pa fún ẹni tó ń ṣètò. Ó ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé bí a bá fi ìlú kan sí i, kò ná wa ní nǹkan kan àfi owó tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ṣeé tún wá. Ọjọ́ 35 kò ní di 36.

Ọ̀nà tí mo gbà ń ṣe tèmi ni pé mo wá ọjọ́ kan tí kò ṣeé sún, mo kan èèkàn mọ́ ọn, mo sì ń so ìyókù mọ́ èèkàn náà síwá sẹ́yìn. Oṣù Kẹjọ ni mo mú. Láàárín ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 15 oṣù yẹn, ní Cachoeira, ìlú etí odò kan ní ìpínlẹ̀ Bahia, ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Irmandade da Boa Morte máa ń ṣe ọdún wọn. Láti ìgbà òwò ẹrú ni ẹgbẹ́ náà ti wà, ìyẹn ni pé ó ti pẹ́ kí òfin tó tú ẹrú sílẹ̀ ní Bràsíìlì lọ́dún 1888. Orúkọ Màríà Wúńdíá ni wọ́n fi ń ṣe ọdún náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ sì jẹ́ ọmọ ilé òrìṣà. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ 15, pupa ìborùn wọn á hàn lórí aṣọ dúdú. Ọjọ́ yìí ni mo kàn mọ́lẹ̀. Àwọn kan á ní kí ló dé tí kì í ṣe ọjọ́ 2 oṣù Kejì, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sí òkun ní Rio Vermelho, ní Salvador. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ẹwà ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà náà sún mọ́ Kànífà, ilé sísùn á wọ́n, òjò sì ń rọ̀ gidi lápá Amazon. Nínú oṣù Kẹjọ, Rio wà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó tutù díẹ̀, òjò ńlá Salvador ti ń káwọ́ nílẹ̀, odò Amazon sì ṣì ní omi tó pọ̀ tó láti gbé ọkọ̀ kí ó tó fà sẹ́yìn ní oṣù Kẹwàá. Ọ̀dá tó mú odò náà ní 2023 àti 2024 ti fi hàn pé fífà sẹ́yìn yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fojú kéré mọ́. Àgbègbè mẹ́ta tí ojú ọjọ́ wọn kò jọra, oṣù kan ló gba gbogbo wọn.

Bó ṣe wá rí nìyí: Rio òru márùn-ún, Salvador márùn-ún, Cachoeira mẹ́rin, Salvador márùn-ún mìíràn, Belém mẹ́ta, orí omi mẹ́fà, Manaus mẹ́ta. Ó jẹ́ 31. Mẹ́rin tó kù kò ní iṣẹ́, n ó sì padà sórí wọn. Ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni òru mẹ́wàá ní Salvador. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí Yorùbá ń wá lọ síbẹ̀ kì í gba àdéhùn aago. Casa Branca, tí orúkọ rẹ̀ ní ilé ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká, tí ìjọba àpapọ̀ Bràsíìlì kọ sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè ní 1984, Gantois, Opô Afonjá, tí Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní 1910: ilé ìsìn ni wọ́n, wọ́n ní kàlẹ́ńdà tiwọn, wọ́n ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí fún àlejò àti ọjọ́ tí kì í ṣí. Ẹni tó ní ọjọ́ méjì péré á bá ilẹ̀kùn títì, á ya fọ́tò ògiri, á sì lọ. Kí a má sì tan ara wa pé a ó máa fi Yorùbá béèrè ọ̀nà. Yorùbá tó wà níbẹ̀, orin àti àdúrà ni. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oṣù mẹ́ta tí ènìyàn fi kọ́ Potogí díẹ̀díẹ̀ kó tó kúrò nílé níye lórí ju ìlú mẹ́ta tó fẹ́ fi kún un lọ.

Ẹ wo acarajé nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó wọ aṣọ funfun onílẹ́ẹ̀sì, tó wé gèlè, á jókòó ti agbada rẹ̀ létí títì. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, ló ń dà sínú epo dendê, èyí tí í ṣe epo pupa wa. Bí ó bá pọ́n tán, á fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀, á ki vatapá, ọbẹ̀ kíki kan, àti edé gbígbẹ bọ̀ ọ́, á béèrè bóyá ẹ fẹ́ ata. Àkàrà ni, orúkọ rẹ̀ sì ti gbé ọ̀rọ̀ “jẹ” mọ́ra nínú ìkéde àwọn tó ń kiri rẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti jẹ àkàrà. Ẹni tó padà sọ́dọ̀ obìnrin kan náà fún ọjọ́ mẹ́rin ni yóò mọ ọjọ́ tí kì í jókòó àti ohun tó ń dù ú lọ́jọ́ náà, bóyá òrìṣà rẹ̀ ni, bóyá ṣọ́ọ̀ṣì.

Recife ló dùn mí jù lọ láti pa rẹ́. Ilê Obá Ogunté wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n mọ̀ sí Sítio de Pai Adão, ìlú Olinda sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí òkè. Ẹlòmíràn á ní bó bá jẹ́ pé tìtorí ilé baba ni mo ṣe ń lọ, kí n mú Recife, kí n fi Belém àti Manaus sílẹ̀, kí ló kan Yorùbá pẹ̀lú igbó Amazon? Mo gbọ́, mo sì rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n Bràsíìlì kì í ṣe dígí tí a gbé kọ́ kí àwa lè máa wo ojú ara wa. Ẹni tó rìn káàkiri ilé òrìṣà nìkan yóò padà wálé pẹ̀lú ohun tó ti mọ̀ kó tó lọ. Lórí odò yẹn, kò sí ọ̀nà mọ́tò tààrà tó so Belém mọ́ Manaus. Ọkọ̀ alájà méjì tàbí mẹ́ta ló ń kó èrò, ìrẹsì àti ẹ̀rọ amómitutù lọ. Èrò kọ̀ọ̀kan ló ń so rede tirẹ̀, aṣọ ìsùn tó fẹ̀ tí wọ́n ń so rọ̀, mọ́ ìkọ́ lókè àjà, igbọ̀nwọ́ á sì máa kan igbọ̀nwọ́. Fàrínhà, tí í ṣe ọmọ ìyá gàárì, wà lórí gbogbo àwo. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kí a bá omi ṣàn láti Manaus, torí ọjọ́ mẹ́rin ló ń gbà, nígbà tí gígun omi láti Belém ń gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Èmi mú gígun. Ọkọ̀ tó ń bá omi ṣàn á wà láàárín odò kí ìṣàn lè gbé e, ibi tí bèbè ti rí bí okùn tín-ín-rín lọ́nà jíjìn. Èyí tó ń gun omi á fara mọ́ bèbè, níbi tí agbára omi ti dínkù, igi, ilé orí òpó àti ọmọdé tó wà nínú ọkọ̀ kékeré á sì wà nítòsí. Ọjọ́ méjì tó lé yẹn ni mo ń ra ojú bèbè fún.

Ní ti físà, ìbéèrè náà lágbára: ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á, wọ́n sì máa ń fẹ́ rí tíkẹ́ẹ̀tì, ibi tí a ó sùn àti ìwé báǹkì. Báwo la ṣe wá ń fi ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo? Ìlú márùn-ún rọrùn láti fi ìwé tì lẹ́yìn ju mẹ́sàn-án lọ, ilé tó ń gba kí a yí ọjọ́ padà sì pọ̀. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kò ṣeé fi ṣeré. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń béèrè CPF, nọ́ńbà owó orí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ojú wíńdò ní gáréèjì ni àlejò ti ń fi pásípọ́ọ̀tù rà á. Ní ti ewu olè, tó jẹ́ òótọ́ ní Rio àti ní Salvador, ẹ ro ẹni tó wà nínú ewu jù: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tó gbé ẹrù, tó mú fóònù lọ́wọ́ ń wo máàpù, tí kò mọ àdúgbò tó léwu yàtọ̀ sí èyí tó dára. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ẹni ìlú mẹ́sàn-án yóò jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó wúwo jù, èyí tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa yóò lè rí owó irú rẹ̀ láyé, pé ẹni tó bá dé Bràsíìlì tí kò dé Iguaçu lè má dé ibẹ̀ láéláé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì ń dunni. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn gan-an ni mi ò ṣe fẹ́ lò ó nínú gáréèjì. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní padà wá ni kò gbọ́dọ̀ sáré kúrò níbi tó dé. Bí ìyá kan ní Cachoeira bá ní kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ wà ní ìpínlẹ̀ náà lọ́jọ́ Àìkú.

Ìdí nìyí tí òru mẹ́rin fi wà láìní orúkọ. Méjì wà ní Manaus kí n tó wọ bàálù padà sí São Paulo, torí ọkọ̀ ojú omi kì í fi ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀ búra. Méjì wà ní Belém, bí ọkọ̀ kò bá tíì kún. Níwájú méjì ti Belém yẹn, ọjà Ver-o-Peso ni mo kọ, àti ohun tí n ó rà níbẹ̀: rede kan, kí ó gùn ju mí lọ, àti okùn mítà mẹ́rin láti fi so ó.