Bí A Ṣe Wá Bàbá Ńlá Wa Nínú Ìwé Ilẹ̀ Èkó

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dúró níbẹ̀, tí ó sì kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àdúgbò náà ti lé ní àádóje ọdún ní Erékùṣù Èkó kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ìtàn rẹ̀: àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ilé fara ti ilé, àwọn ìyá ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, bí òjò bá sì rọ̀, ẹ óò ká ṣòkòtò sókè kí ẹ tó kọjá. Ibẹ̀ ni agboolé wa wà, láti ibẹ̀ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tí a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ṣe dé Èkó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti ọmọ ogun rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lójú ogun ni Òṣòdì Tápà. Tápà ni ọkùnrin yìí ní tòótọ́, ẹrú ni ó sì jẹ́ ní ààfin Ọba Èkó kí ó tó di ẹni ńlá. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wálé. John Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ni ó fi ilẹ̀ yìí fún Òṣòdì àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì pín ara wọn sí agboolé mọ́kànlélógún. Òṣòdì kú ní 1868. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba kọ ìwé ilẹ̀ fún àwọn olórí agboolé ní orúkọ Ọbabìnrin Fìktóríà, ìwé tí àwọn lọ́yà ń pè ní Crown Grant títí di òní. Àwọn àgbà wa ní bàbá ńlá wa gba irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, olówó kan wá, ó fẹ́ ra ilé wa kí ó lè wó o, kí ó sì fi ilé alájà púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ojúlé méjì ni ó wà nínú ilé náà. Àwọn ará iwájú ni ọmọ bàbá ńlá wa. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ obìnrin kan tí ó bá a ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀. Àwọn kan ń pe obìnrin náà ní àbúrò rẹ̀. Bí inú bá bí àwọn mìíràn, ẹrú rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó dé, àwọn kan ní iwájú ní orúkọ bàbá àwọn nìkan ni ó wà nínú ìwé ilẹ̀, nítorí náà kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìdílé mẹ́rin ni ó ń gbé ẹ̀yìnkùlé, ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan náà ní kékeré kò lọ síbi òkú ara wọn mọ́.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wa tí ó fi ojú rí ìwé náà rí. Ìpàdé ẹbí wá rán àwa mẹ́ta lọ wá a: méjì láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìnkùlé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n yí ìwé po.

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ẹnu àti ẹlẹ́rìí ni ìwé ilẹ̀ ní Èkó. Àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí à ń pè ní Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì fún ní ilẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀. Nígbà tí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé láti Sàró àti Bràsíìlì, àwọn ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìwé. Ní 1863 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin, wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa yẹ ẹ̀tọ́ onílẹ̀ wò. Òwò epo pupa wà nídìí rẹ̀: oníṣòwò tí ó gbé ọjà fún ènìyàn ní àwìn ń fẹ́ ohun tí òun yóò dì mú bí gbèsè kò bá wọlé, ilẹ̀ tí ó ní ìwé ni ó sì rọrùn jù lọ láti dì mú. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni akọ̀wé ń kọ sí i, fún òun àti àwọn àrólé rẹ̀ títí láé, nígbà tí ó jẹ́ pé ogójì ènìyàn lè máa sùn lórí ilẹ̀ kan náà. Ibí yìí ni ìjà gbà wọ agboolé Èkó. Kò tíì jáde tán.

Aláùsá ní Ìkẹjà ni a kọ́kọ́ lọ, níbi tí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé nọ́ńbà mẹ́ta ni ó máa ń wà lára ìwé ilẹ̀ àtijọ́: nọ́ńbà ìwé náà, ojú ìwé tí ó wà, àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ ìwé ńlá tí wọ́n dà á kọ sí. Bí ẹ bá mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bùṣe. Bí ẹ kò bá mú un dání, ẹ óò máa wá orúkọ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìyàngbò. A kò ní i, a sì fi odindi ọjọ́ kan ṣòfò. Ẹnì kan tilẹ̀ pàdé wa lójú títì, ó ní kí a san owó díẹ̀, òun yóò bá wa ṣe irú ìwé tí a bá fẹ́. Ohun tí ó ń sọ yé wa. A kọjá lọ.

Ìyá àgbà ẹ̀yìnkùlé ni ó yọ wá. Ó fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, nínú èyí tí ìwé owó orí, ìwé ìrìbọmi àti lẹ́tà lọ́yà àtijọ́ kan wà. Ẹ óò rántí pé wòlíì Jeremiah náà ra oko kan ní Anatoti, ó sì ní kí wọ́n kó ìwé rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Inú lẹ́tà lọ́yà yẹn ni a ti rí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ lé jáde ni ó ń tọ́jú ohun tí àwọn tí ó fẹ́ lé e ń wá.

Ìṣòro orúkọ ṣì wà. Akọ̀wé ìgbà náà ń fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ Yorùbá. Ọba Dòsùnmú pàápàá, Docemo ni wọ́n kọ ọ́. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀, kò sì sí orúkọ bàbá. Nítorí náà a kọ orúkọ bàbá ńlá wa sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà bà á jẹ́, ní ọ̀nà karùn-ún ni a sì bá a. Ìlà rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ, pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ bàtà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwa méjì tí a ti iwájú wá wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ó ti ẹ̀yìnkùlé wá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi, ó sì pẹ́ kí ó tó padà.

Bàbá kan tí iṣẹ́ ìwé ilẹ̀ ti hu ewú lé lórí ni ó sọ fún wa pé kí a má kàn ka ìwé tiwa, kí a ka ti àwọn tí wọ́n bá wa pààlà. Ìmọ̀ràn yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin náà dì mú. Nínú ìwé ilẹ̀ àtijọ́, orúkọ àwọn aládùúgbò ni wọ́n fi ń júwe ilẹ̀: ní àríwá, ilé lágbájá; ní gúúsù, ilé tàmẹ̀dù. Ẹni tí ìwé tirẹ̀ kò dárúkọ lè wà nínú ìwé ẹlòmíràn. A béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà àwọn tí ó ti ń gbé apá ọ̀tún àti apá òsì wa láti ayébáyé, ó kà wọ́n fún wa lórí ìka, a sì padà sí Aláùsá ní ìgbà kẹta.

Ìwé ẹni apá òsì ni ó fún wa lésì. Gbèsè epo ni ó mú kí ọkùnrin náà fi ilé rẹ̀ dúró lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí bàbá ńlá wa gba ìwé tirẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé ń ka ààlà, ó ní ní ìhà ìlà-oòrùn ó bá ilé obìnrin kan pààlà, orúkọ tí ó sì kọ ni ti ìyá àwọn ará ẹ̀yìnkùlé. Kò kọ orúkọ bàbá ńlá wa. Nísàlẹ̀, láàrin àwọn ẹlẹ́rìí, obìnrin yìí tún wà. Àdàkọ ni ìwé inú ọ́fíìsì, nítorí náà kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni a rí, ṣùgbọ́n akọ̀wé fa àgbélébùú kékeré kan síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé àmì rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n wa fi ìka kàn án, kò sì tètè gbé ìka náà kúrò.

A lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú, sí ilé ìkówèé-àtijọ́-pamọ́ ti orílẹ̀-èdè, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954, tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ wù wá lẹ́yìn ariwo Èkó. A fẹ́ mọ irú ẹni tí wọ́n kó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, a sì wá mọ̀ pé àdúgbò wa kékeré yìí ti dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1930 àti ní 1936. Ṣáájú ìyẹn, ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Àmódù Tìjání, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ní 1921 àwọn adájọ́ náà dá Olúwa láre, wọ́n sì gbà pé ní ilẹ̀ wa, ìdílé tàbí ìlú ni ó máa ń ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Ní 1939 Mervyn Tew kọ ìròyìn lórí rúdurùdu ìwé ilẹ̀ Èkó, òfin sì tẹ̀lé e ní 1947, títí kan èyí tí wọ́n ṣe fún Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kókó rẹ̀ ni pé ìwé ìjọba kò pa ẹ̀tọ́ àbáláyé tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń bá pàdé nínú ẹjọ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ṣáá: arọ́ta. Arọ́ta ni ẹni tí a rà tàbí tí a mú lógun, tí ó sì di ará ilé olóyè. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá Òṣòdì ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, arọ́ta ni wọ́n. Nínú ilé wa, wọ́n ti ń kọ́ àwa ará iwájú láti kékeré pé ọmọ ọba ni bàbá ńlá wa. A dákẹ́ nínú mọ́tò láti Ìbàdàn títí a fi dé Ọ̀jọ́ta.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ fún un. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ lọ ń gbé Sùúrùlérè ni ẹ kò mọ̀. Inú ọjà kan náà ni wọ́n ti ra àwọn méjèèjì, ní ọjọ́ kan náà. Wọn kì í ṣe ìyá kan, wọn kì í ṣe bàbá kan. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bá ara wọn sọ ọ́ pé ọmọ ìyá ni àwọn.” A béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ àgbà ní ẹrú. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, òun yóò ti pe bàbá wọn náà ní ẹrú nìyẹn, òun kò sì lè fi ẹnu òun bú àwọn ọmọ òun.

Ní ìpàdé ẹbí, a ka ìwé méjèèjì sókè, ti bàbá ńlá wa àti ti aládùúgbò, ìyá àgbà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ti ọjà náà. Àwọn kan sunkún. Ẹnì kan bínú jáde. Lọ́yà ẹbí ní lójú òfin, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lè lé àwọn ará ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n wá fẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò ta ilé náà láìjẹ́ pé ojúlé méjèèjì fọwọ́ sí i, bí a bá sì tà á lọ́jọ́ kan, dọ́gba-dọ́gba ni a óò pín in. Olówó náà ti lọ ra ibòmíràn. Àwọn méjì nínú ará iwájú kò tíì gbà, wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn yóò lọ sí kóòtù.

A ti ṣe ẹ̀dà ìwé náà fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kan sì ti wọ inú agolo bisikíìtì. Ohun tí ó kù ni orúkọ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí wọ́n tó dé ọjà yẹn. Ìyá àgbà ní ilé kan wà ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà, tí wọ́n lè mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Kí ọdún tó parí, àwa mẹ́ta yóò lọ.